Bí Mo Ṣe Gbàwé Àṣẹ Ìbọn ní Maryland, àti Ohun Tí Mo Bá Pàdé Lórí Afárá

Mo ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé wa kan ní Prince George's County, ní Maryland. Alẹ́ ni mo máa ń kó owó ọjà kúrò níbẹ̀, èmi nìkan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ja ẹnìkan lólè níwájú ilé ìfọṣọ tó kọjú sí wa ni mo ti pinnu pé n ó gbàwé àṣẹ tó máa jẹ́ kí n lè fi ìbọn ìléwọ́ sábẹ́ aṣọ. Ìbọn náà ti wà nílé tipẹ́. Mímú un jáde ni wàhálà.

Ká ní ṣáájú 2022 ni, mi ò bá má da ara mi láàmú. Nígbà yẹn, Maryland á ní kó o mú ẹ̀rí wá pé ìdí gúnmọ́ kan wà tó o fi nílò rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí" kì í ṣe ìdí. Ẹjọ́ kan tó ti New York wá ló yí i padà. Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹfà, 2022, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá a, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta, pé ìpínlẹ̀ ò gbọ́dọ̀ bi ará ìlú tí kò ṣẹ̀ sófin léèrè ìdí pàtàkì kó tó jẹ́ kó gbé ìbọn dáàbò bo ara rẹ̀. Clarence Thomas ló kọ ìdájọ́ náà. Oṣù keje ò tíì rìn jìnnà tí gómìnà wa ìgbà náà, Larry Hogan, fi ní kí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yéé béèrè. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ò sọ pé kí wọ́n má dánni wò o.

Wákàtí 16 ni ẹ̀kọ́ ìbọn tí mo gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó gbàwé náà, ó gba Sátidé àti Sọ́ńdè mi. Òfin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tó kan yíyìn ín, ọwọ́ mi gbọ̀n, mi ò ní purọ́. Ọta mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ sí èjìká ọkùnrin bébà tí mò ń yìn ín sí. Olùkọ́ wa wá sẹ́yìn mi, ó ní kí n rọra mí. Mo mí. Nínú ọta 25, 22 bọ́ síbi tó yẹ.

Ìtẹ̀ka ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Ọdún 14 ni mo ti ń gé pánlá fún oníbàárà, àtàǹpàkò òsì mi ti dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Obìnrin tó ń tẹ̀ka fún mi fi ìpara ra á, ó wá tẹ ìka náà mọ́ gíláàsì bí ẹni ń lu òǹtẹ̀, kó tó gbà. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo san dọ́là 125. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìwé àṣẹ mi dé.

Ibo wá ni ìjọba àpapọ̀ wà? Àwọn ló ń sọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìbọn rárá: ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá, àti ọ̀pọ̀ ẹni tó bá físà wọlé. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yá yín níbọn.) Àmọ́ gbígbé e rìn, ìpínlẹ̀ ló ń ṣòfin rẹ̀. Òdìkejì ilé wa gan-an: nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ni ọ̀rọ̀ ìbọn, ìdí nìyẹn tí àwọn gómìnà wa fi lè dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020 tí wọn ò sì lè rà AK-47 fún wọn.

Ìgbéyàwó kan ní Alexandria, Virginia, ló là mí lójú. Virginia gba ìwé Maryland, Maryland ò gba ti Virginia. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Àfi ìgbà tí mo yẹ máàpù wò: afárá Woodrow Wilson tá a máa gbà, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 300 nínú rẹ̀ wà lórí omi tó jẹ́ ti Washington, D.C., bẹ́ẹ̀ D.C. ò ka ìwé ìpínlẹ̀ kankan sí. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, arúfin ni mí!

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1986 ló yọ mí: bí ibi tó o ti ń bọ̀ àti ibi tó ò ń lọ bá gbà ọ́ láyè, o lè gba àárín kọjá, bí ìbọn ò bá lọ́ta nínú, tí o sì tì í pa sínú bùtù. Ní Oxon Hill, kó tó kan afárá, mo yà síbi ìgbọ́kọ̀sí kan. Mo ká agbádá mi sókè (kò sáṣọ tó ń bo ìbọn bíi tirẹ̀), mo yọ ọta, mo ti àpótí. Ìyàwó mi ń wò mí láti iwájú ọkọ̀.

"Bàbá Délé, ṣé ìyàwó ni ẹ fẹ́ yìnbọn fún ni, àbí ọkọ?"

A débẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ló dojú kọ gbọ̀ngàn náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ mìíràn tún nìyẹn: láàárín ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí ilé ẹ̀kọ́, ìwé àṣẹ tí ìpínlẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ọ nìkan ló lè gbà ọ́. Virginia kí mi káàbọ̀, ìjọba àpapọ̀ ní ó tì.

Ní 2017, ilé aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí àbá pé kí ìwé ìpínlẹ̀ kan máa ṣiṣẹ́ káàkiri bíi láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Kò kọjá lọ́dọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀. Wọ́n tún gbé e wá ní 2025. Á rọ̀ mí lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á, torí àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tí wọn kì í béèrè ìwé, wọn kì í dánni wò, bẹ́ẹ̀ mo rántí èjìká ọkùnrin bébà yẹn.

Inú bùtù ni àpótí náà wà títí a fi jó tán. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò mi, ó ń ro pẹ̀lú ṣénjì owó ìnáwó.