Láìbúrárì tó sanra tó sì ń falẹ̀: -g kọ́ ló jẹ̀bi méjèèjì

Fáìlì libiro.so tí a fi C++ kọ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń falẹ̀. -g tó wà nínú àṣẹ GCC (ètò tó ń sọ kóòdù C++ di fáìlì tí kọ̀ǹpútà lè lò) ni gbogbo wa kọ́kọ́ fura sí; òun ló ń ní kí GCC fi àkọsílẹ̀ fún wíwá àṣìṣe kún fáìlì.

Mo fi readelf -S, àṣẹ tó ń to àwọn apá inú fáìlì lẹ́sẹẹsẹ, wo inú rẹ̀ lórí Linux. .debug_info, .debug_line àti .debug_str ló gba àyè jù. Àkọsílẹ̀ DWARF nìyẹn, òun ló ń jẹ́ kí GDB, ètò tí a fi ń wá àṣìṣe, mọ ìlà kóòdù tí a wà àti orúkọ tí fáríábù ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo òpó Flags dáadáa: kò sí àmì A níwájú wọn. Ohun tí kò bá ní A kì í wọ mẹ́mórì nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́, orí díìsìkì ló ń jókòó sí. Ìyẹn ni pé -g ló mú un sanra, kì í ṣe òun ló ń fà á sẹ́yìn.

-O0 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń ní kí GCC má ṣe wá bí kóòdù á ṣe yára, ló ń fa ìfalẹ̀. Mo yí i sí -O2 -g (-O2 ń ní kí GCC mú kóòdù yára), ara fáìlì náà sì yá. GCC gba méjèèjì pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé GDB á máa sọ "optimized out" nípa fáríábù mìíràn, ìyẹn ni pé kò rí iye rẹ̀ mọ́.

Fún ti ìtóbi, ẹ kó àkọsílẹ̀ náà sínú fáìlì ọ̀tọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú libiro.so, kí ẹ sì fi orúkọ fáìlì ọ̀tọ̀ náà sínú rẹ̀ kí GDB lè rí i:

objcopy --only-keep-debug libiro.so libiro.so.debug
strip --strip-debug libiro.so
objcopy --add-gnu-debuglink=libiro.so.debug libiro.so

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí strip ṣáájú, àkọsílẹ̀ náà á ti lọ kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Fáìlì .debug yẹn lẹ máa nílò lọ́jọ́ tí ètò bá dojú dé lọ́wọ́ oníbàárà.