Katakata: Ṣé Ká Sanwó Rẹ̀ Lẹ́ẹ̀kan Náà Ni, Àbí Ká Yáwó?

Láti oṣù kẹfà ọdún 2025 tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé katakata 2,000 tí wọ́n kó wá láti Belarus jáde, ìbéèrè kan náà làwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ń gbé wá bá wa: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ yáwó ni, àbí kí n ta ilẹ̀ kí n sanwó gbà á?" Ìbéèrè náà dára, òun ló sì jẹ́ ká kọ ìwé pélébé yìí. Àmọ́ kì í ṣe òun ló ń ba èèyàn jẹ́. Ohun tó ń ba èèyàn jẹ́ ni pé a kì í ka oṣù.

Oṣù márùn-ún ni katakata fi ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Láti àárín oṣù kẹta tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ ilẹ̀ títí dé òpin oṣù kẹfà, lẹ́yìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ dé ìdajì oṣù kẹsàn-án. Ó parí. Ṣùgbọ́n oṣù méjìlá ló fi ń jẹun. Ẹni tó bá sanwó lẹ́ẹ̀kan àti ẹni tó yáwó, oṣù méje tó ṣẹ́ kù yẹn náà ló ń mú àwọn méjèèjì.

Ní abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, katakata pupa kan wà lábẹ́ igi máńgòrò. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti tẹ̀ wọlẹ̀, òkúta mẹ́ta ni wọ́n fi gbé ìkejì. Adìẹ ti sọ ìjókòó dírẹ́bà di ìtẹ́. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, àgbébọ̀ náà ò tilẹ̀ dìde. Abẹ ìtúlẹ̀ ti dógùn-ún débi pé abẹ àárín ò yí mọ́. Ẹni tó ni katakata yìí ò jẹ báńkì ní kọ́bọ̀ o. Ó ta ilẹ̀, ó ta màlúù, ó kó gbogbo rẹ̀ lé orí katakata, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ló fi pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ wá bá a fọ̀ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin, kílọ́ọ̀ṣì jó. Èèyàn mọ́kànlá ti san àsansílẹ̀ fún un, owó wọn sì ti wọ inú dísẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó fi máa rówó kílọ́ọ̀ṣì, àgbàdo àwọn tó lọ háyà tẹlòmíràn ti dé orúnkún.

Bí owó bá wà lọ́wọ́

Ẹ pín owó yín sí ọ̀nà mẹ́fà. Márùn-ún ni ti katakata, ẹ má fọwọ́ kan ìkẹfà. Ẹni tó ní mílíọ̀nù 24 náírà, katakata mílíọ̀nù 20 ló lówó rẹ̀. Kò lówó ti mílíọ̀nù 24 rárá. Inú mílíọ̀nù 20 yẹn náà ni abẹ ìtúlẹ̀ tó ní abẹ mẹ́ta gbọ́dọ̀ ti jáde, àti èyí tí a fi ń fọ́ ògúlùtu sí wẹ́wẹ́, owó ọkọ̀ tó gbé e wálé, owó ìwé àti inṣọ́ránsì. Orí katakata lásán kì í túlẹ̀. A ti rí ẹni tó gbé orí wálé tó wá ń yá abẹ kiri bí ẹni ń yá agbọ̀n.

Mílíọ̀nù mẹ́rin tó kù, inú àpò báńkì mìíràn ni kó wà, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń náwó ilé. Kílọ́ọ̀ṣì, páǹpù dísẹ́ẹ̀lì, táyà, ọ́ìlì tí a ń pààrọ̀ ní gbogbo wákàtí 250 iṣẹ́, àti dísẹ́ẹ̀lì ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló wà fún. Kò sí fún sáráà, kò sí fún owó iléèwé. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó tàbí ọkọ yín mọ iye tó wà níbẹ̀ àti ìdí tó fi wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fọ katakata, ọtí ẹlẹ́rìndòdò páálí kan ti tó.

Bí ẹ bá fẹ́ yáwó

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ kọ́kọ́ máa bi òṣìṣẹ́ báńkì, kẹ́ ẹ tó jókòó: ṣé orí odindi owó lẹ ti ń gba èlé yín, àbí orí ìyókù tí mi ò tíì san?

Ẹ jẹ́ ká fi katakata mílíọ̀nù 24 ṣe é. Ẹ san mílíọ̀nù mẹ́fà sílẹ̀, ẹ yá mílíọ̀nù 18, ọdún mẹ́ta, èlé 25 nínú 100 lọ́dún. Tó bá jẹ́ orí odindi owó ni, èlé jẹ́ mílíọ̀nù 4.5 lọ́dọọdún, kò ní í dín títí ẹ ó fi san tán. Mílíọ̀nù 31.5 lẹ máa dá padà. Tó bá jẹ́ orí ìyókù ni, tẹ́ ẹ sì ń san mílíọ̀nù mẹ́fà kúrò lára ojú owó lọ́dọọdún, èlé ọdún kìíní á jẹ́ 4.5, ti ìkejì 3, ti ìkẹta 1.5. Àpapọ̀ mílíọ̀nù 27. Gbólóhùn kan yẹn nínú ìwé, mílíọ̀nù 4.5 ni. Àgbẹ̀ tó máa ná agbọ̀n tòmátì fún ìdajì wákàtí kì í bèèrè èyí.

Ìṣirò lásán la fi 25 ṣe. Ní oṣù kọkànlá 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú 100, ó sì ṣòro kí báńkì ìṣòwò yá àgbẹ̀ lówó ní iye tó kéré sí tiwọn láìjẹ́ pé ètò ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wá gbé e síwájú éékà. Katakata tó lágbára ẹṣin 75, pẹ̀lú abẹ mẹ́ta, á tú nǹkan bí éékà mẹ́jọ lójúmọ́ tí ilẹ̀ náà bá ti mọ́ kúrò lọ́wọ́ kùkùté. Ẹ yọ ọjọ́ òjò, ọjọ́ ìsìn, ọjọ́ òkú àti ọjọ́ tí mẹkáníìkì ò dé; nínú oṣù márùn-ún yẹn, ẹ ka 70 ọjọ́ iṣẹ́. Éékà 560 nìyẹn, oko tiyín wà nínú rẹ̀. Ká ní 25,000 náírà lẹ ń gbà lórí éékà kan. Dísẹ́ẹ̀lì lítà mẹ́jọ ní 1,200 náírà jẹ́ 9,600. Dírẹ́bà, 2,000. Ọ́ìlì, fílítà, táyà àti abẹ tó ń jẹ lọ, 3,400. Ó ku 10,000. Ẹ fi iye tó wà nílùú yín rọ́pò èyíkéyìí nínú wọn, àmọ́ ẹ má fo ọ̀kankan.

Éékà 560, mílíọ̀nù 5.6 náírà. Gbèsè ọdún kìíní lókè yẹn, kódà èyí tó rọrùn jù, mílíọ̀nù 10.5 ni. Níbo ni 4.9 tó kù á ti jáde? Ọdún kẹta tó fúyẹ́ jù gan-an, 7.5 ni. Ìtúlẹ̀ nìkan ò lè san owó yẹn, kò sì sí àdúrà tó máa sọ éékà 560 di 1,050. Àyàfi tẹ́ ẹ bá ní tírélà tí ẹ óò fi máa kó gbágùúdá àti igi látòṣù kẹwàá dé oṣù kejì, tí ẹ sì ti mọ ẹni tó máa pè yín.

Ká wá ní ètò kan gbà láti yá yín ní mílíọ̀nù 18 náà ní 9 nínú 100, orí ìyókù, fún ọdún márùn-ún. Ọdún kìíní á jẹ́ mílíọ̀nù 5.22. Mílíọ̀nù 5.6 gbé e, ó ku 380,000. Bín-ín-tín ni, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni gbèsè náà ń fúyẹ́ sí i. Irú owó yìí la lè ní kẹ́ ẹ yá. Tó bá ti kọjá 10 nínú 100, tàbí tí ọdún rẹ̀ ò pé márùn-ún, ẹ ṣírò ó lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ti àwọn asógúndogójì tó ń fi fóònù yáni lówó, a ò ní dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí.

Oṣù tí ẹ máa san án

Ibi tí gbogbo wọn ti ń ṣubú rèé. Ẹni tó ń gbowó oṣù ni báńkì mọ bí wọ́n ṣe ń yá lówó, irú rẹ̀ ni wọ́n sì ka àgbẹ̀ sí. Ẹ gba katakata ní oṣù kẹwàá. Oṣù kọkànlá ni sísan bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti le bí àpáta, abẹ ò wọ ọ́, owó ń lọ. Kí oṣù kẹta tó dé, ẹ ti jẹ gbèsè oṣù mẹ́rin. Òṣómàáló ìgbà àwọn bàbá wa, ẹnu ọ̀nà ló máa ń lóṣòó sí títí wọ́n á fi sanwó aṣọ rẹ̀; tiyín, ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ ni báńkì á rán wá gbé katakata lọ.

Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ìgbà méjì lọ́dún lẹ máa san: ìparí oṣù keje àti ìparí oṣù kejìlá, kí ìsan àkọ́kọ́ sì tẹ̀ lé àsìkò ìtúlẹ̀ kan gbáko. Ẹ gbà á ní oṣù kejì, kì í ṣe oṣù kẹwàá. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ dìde. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu lásán sọ fún yín pé "a máa ṣe é."

Ìdógò ńkọ́? Láti 2017 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó fàyè gba ohun tó ṣeé gbé kiri láti dúró bí ìdógò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Katakata náà lè dúró fún ara rẹ̀. Ẹ má gbé ìwé ilé ẹbí lọ. Ilé tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ ni kì í ṣe tẹ́nì kan láti fi ra ẹ́ńjìnnì.

Ẹni tó ń tọ́jú owó títí á fi pé

Bó bá jẹ́ náírà lẹ ń kó jọ, ẹ ń sáré tẹ̀ lé ohun tó yára jù yín lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan ò tó 500 náírà lójú ìjọba. Kí 2024 tó parí, ó ti ju 1,500 lọ. Owó tó ra odindi katakata nígbà yẹn ò tó ìdajì rẹ̀ mọ́. Ẹ ra abẹ sílẹ̀ lọ́dún yìí. Tàbí kí ẹ̀yin mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan náà jọ rà á, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ta ni katakata máa kọ́kọ́ lọ sóko rẹ̀ tí òjò bá rọ̀. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ o. Òjò àkọ́kọ́ ló ń tú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká.

Ẹni tí oko rẹ̀ ò tó éékà 100, tí kò sì tíì ní oníbàárà, kó máa háyà lọ. Éékà 40 ní 25,000 jẹ́ mílíọ̀nù kan lọ́dún, kílọ́ọ̀ṣì ẹni tó ni katakata sì ni yóò jó, kì í ṣe tiyín.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lọ́fíìsì wa, ẹ mú ìwé tí báńkì fún yín dání, kẹ́ ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ mú ìwé kan tí ẹ kọ orúkọ àwọn tó máa gbé iṣẹ́ fún yín sí, kí iye éékà wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní "gbogbo abúlé ló máa pè mí," a ó ní kó padà lọ kọ orúkọ wọn.