Bí mo ṣe ṣètò ìfihàn fíìmù àti ìjíròrò lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀

Ẹ pe ìpàdé lórí ìyà tó ń jẹ ọmọ ọ̀dọ̀, kí ẹ wo iye ẹni tó máa wá. Ẹ wá ní ẹ fẹ́ fi fíìmù hàn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ tún wò ó. Ìdí tí mo fi gba ibi fíìmù wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé ti ń jẹ mí lọ́kàn. ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ṣírò wọn lọ́dún 2021 sí mílíọ̀nù 75.6 káàkiri ayé, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Síbẹ̀, níbikíbi tí wọ́n bá ti ń jíròrò ọ̀rọ̀ wọn, ọ̀gá á sọ̀rọ̀, lọ́yà á fi kún un, oníròyìn á kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ á wà nídìí àwo tó ń fọ̀. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, àmọ́ ẹ̀yìn olórí la ti ń fá orí yìí látọjọ́ tó ti pẹ́. Mo fẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan tí olórí máa wà níkàlẹ̀.

Fíìmù tí mo mú ni La Noire de…, tí Ousmane Sembène, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, gbé jáde lọ́dún 1966. Àwọn kan ní kí n wá tuntun, pé ta ló tún fẹ́ jókòó wo fíìmù dúdú-òun-funfun? Mi ò gbà fún wọn. Ìtàn Diouana ni, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Dakar tí tọkọtaya aláwọ̀ funfun gbà láti máa tọ́jú ọmọ wọn. Ó bá wọn lọ sí Antibes nílẹ̀ Faransé. Ó débẹ̀ tán, ìdáná, ìfọṣọ àti ilé gbígbá ló bá pàdé, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ nǹkan kan nípa ìlú náà ju ohun tó ń rí láti ojú fèrèsé. Fíìmù náà kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ, ìyẹn sì ṣe pàtàkì lójú tèmi ju àwọ̀ lọ. Fíìmù oníwákàtí méjì ti jẹ àsìkò ọ̀rọ̀ tán: kó tó parí, ẹni tí ilé rẹ̀ jìn ti ń wo aago, ẹni tó fi ọmọ sílé ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà. Sembène fúnra rẹ̀ máa ń pe sinimá ní ilé ìwé alẹ́. Tíṣà tó bá sì sọ̀rọ̀ títí tí aago fi lù, ta ló ráyè bi í ní nǹkan?

Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni: Diouana gbẹ̀mí ara rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Àwọn kan ní kí n má sọ ọ́, pé yóò ba adùn fíìmù jẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpè, a sì tún fẹnu sọ ọ́ kí a tó pa iná. Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí rẹ̀ rí, kò yẹ kí ó dé bá a lójijì nínú òkùnkùn, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. A fi àwọn àga kan sílẹ̀ lófìfo lẹ́bàá ilẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ rọra jáde, a sì fi ẹnìkan síta tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn jókòó láìda ìbéèrè bò ó.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ló kàn, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò dá. Fíìmù tí ẹ rà, tàbí èyí tí ẹ ń sanwó oṣooṣù wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àtiwò ó nílé yín lẹ sanwó fún. Bí ẹ bá ti gbé e lọ sí gbọ̀ngàn, ó ti di àṣẹ mìíràn, bí ẹ ò tiẹ̀ gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Mo wá ilé iṣẹ́ tó ń pín fíìmù náà kàn, mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ tí mo fẹ́ fi hàn, iye àga tó wà nínú gbọ̀ngàn, bóyá màá gbowó, àti irú ẹni tó ń ṣètò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó hàn gbangba nínú lẹ́tà yín pé ọ̀fẹ́ ni, torí bí ẹ ò bá sọ, iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò ni wọ́n máa bù fún yín. Wọ́n dín tèmi kù. Ẹ tún tètè kọ̀wé o, wọn kì í kánjú dáhùn. Nígbẹ̀yìn wọ́n fi fáìlì ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àdéhùn pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa fi hàn.

Ibi tí mo ti lo àkókò jù lọ ni ọ̀rọ̀ èdè. Faransé ni wọ́n ń sọ nínú fíìmù náà, Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọjá nísàlẹ̀ àwòrán, bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn tí mo torí wọn ṣètò kò lè kà á tó bó ṣe ń sáré. Kí ni ìwúlò pé wọ́n wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ pé àwòrán nìkan ni wọ́n máa gbé lọ sílé? Àmọ́ fíìmù yìí ní àǹfààní kan. Inú ọkàn Diouana ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń jáde. A ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ti ń gbálẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì mì. Àlàfo wà láàárín gbólóhùn kan sí òmíràn, tí ẹlòmíràn lè fi bá a sọ̀rọ̀. Mo tú gbogbo rẹ̀ sí Yorùbá, mo kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì bẹ ọ̀rẹ́ mi kan tí ohùn rẹ̀ dùn ún gbọ́ pé kó kà á sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn bí fíìmù bá ti ń lọ. Bí Diouana bá sọ gbólóhùn mẹ́ta, méjì ni kó sọ, kó sì ti panu dé kí àwòrán tó yí. Nígbà tí a kọ́kọ́ ń dánra wò, ó ń kà á bí ẹni ń kéwì. Ó fẹ́ bá Diouana sunkún. Mo ní kó fi ẹkún sílẹ̀ fún àwọn tó ń wò. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ balẹ̀ débi pé mo gbàgbé pé òun ló ń sọ̀rọ̀.

Ti ẹ̀rọ kò gba àlàyé púpọ̀. Pùròjẹ́tọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó 3,000 lumen tó fún gbọ̀ngàn tí kò tóbi jù, bí ẹ bá lè fi aṣọ dí fèrèsé. Aṣọ funfun tí ẹ nà tó le dáadáa ti tó láti fi gba àwòrán. Sípíkà ni kí ẹ náwó sí, torí èèyàn máa ń fara da àwòrán tó ṣú díẹ̀, wọn kì í fara da ọ̀rọ̀ tí wọn ò gbọ́. Inú gbọ̀ngàn gan-an ni kí ẹ ti wo fíìmù náà tán kí ọjọ́ tó pé, lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ máa lò gan-an.

Ó wá ku àwọn èèyàn. Mo bi àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tí mo mọ̀ pé ìgbà wo ni ọwọ́ wọn máa ń dilẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ọ̀pọ̀ dárúkọ. Àwọn kan wò mí bí ẹni tó béèrè ọjọ́ ìbí òṣùpá. Wọn ò ní ọjọ́ ìsinmi kankan. Nítorí irú wọn ni mo ṣe kọ ìwé ìpè sí gbogbo ilé báyìí: “Sí ẹ̀yin àti ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́.” Ó ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀gá mú wọn dání wá. Àmọ́ wọ́n tún fi wọ́n jókòó tì wọ́n, ta ló sì máa sọ òótọ́ nípa ọ̀gá tí èjìká wọn jọ ń kanra?

Ohun tí a ṣe ni pé, bí fíìmù bá parí, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ á lọ sí agbo tiwọn, àwọn ọ̀gá á lọ sí tiwọn, atọ́kùn kan á wà nínú agbo kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ nìkan ni atọ́kùn máa gbé jáde, láìdárúkọ ẹni tó sọ ọ́. A sì ṣe é léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ya fọ́tò tàbí ká ohùn sílẹ̀. Màdáámù kan fárígá. Ó ní, “Kí ló dé tí ẹ fẹ́ yà wá? Bí ọmọ ni mo ṣe mú un o.” Atọ́kùn wa tẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Ọmọ ni lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kó lọ ṣeré díẹ̀ lẹ́yìn ìyá ẹ̀.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì dìde.

Mo ti fò síwájú. Kí a tó lọ sí agbo, nígbà tí fíìmù parí, a ò tan gbogbo iná lẹ́ẹ̀kan náà. Iná ẹ̀yìn nìkan la tàn, kò sì sẹ́ni tó gbá gbohùngbohùn mú. Ẹni tó bá ń ṣe irú ètò yìí máa ń bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ẹ́, á fẹ́ tètè dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò pàtàkì. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n mí ná. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí atọ́kùn gbé sínú agbo náà kì í ṣe “Ẹ̀kọ́ wo lẹ rí kọ́?” Ìbéèrè yẹn ló ń sọ àgbàlagbà di ọmọ ilé ìwé. Ó béèrè pé, “Ibo ni ara yín ti kọ́kọ́ le?” Ẹnìkan ní ìgbà tí ìyàwó ọ̀gá ní kí Diouana bọ́ bàtà gíga rẹ̀ ni.

Àmọ́ ibi lẹ́tà ló fa ọ̀rọ̀ jù. Lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ ìyá Diouana. Ọ̀gá rẹ̀ kà á sí i létí, ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kọ èsì, ohun tí Diouana kò rán an ni ó ń kọ. Diouana gba lẹ́tà ìyá rẹ̀, ó fà á ya. Obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé láti ìgbà ọmọdé rẹ̀, tí kò tíì lanu látìgbà tó ti wọlé, wá sọ pé: “Wọ́n ti bá èmi náà kọ ọ́ rí. Wọ́n kọ ọ́ sílé pé mò ń gbádùn.” Òun ló ní kí atọ́kùn lọ kà á fún agbo kejì bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n kà á níbẹ̀, àwọn ọ̀gá dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ọkùnrin kan wá béèrè pé, ìwé ìrìnnà ẹni tó ń bá òun ṣiṣẹ́ wà lọ́dọ̀ òun, kó má baà sọnù lòun ṣe tọ́jú ẹ̀, ṣé ìyẹn náà burú ni?

Àsìkò lọ́yà wa wá tó. Mo ti bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ pé kó má bẹ̀rẹ̀ láti ìpín kìíní òfin, ohun tí wọ́n bá bi í ni kó dáhùn, kó sì má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó ní ìwé ìrìnnà èèyàn, ọwọ́ ẹni tó ni ín ló yẹ kó wà, pé ó wà nínú Àdéhùn 189 tí ILO fọwọ́ sí ní Geneva ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 2011, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Àdéhùn kan náà fún òṣìṣẹ́ inú ilé ní ó kéré tán wákàtí 24 ìsinmi léraléra lọ́sẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ àti owó rẹ̀ fún un lọ́nà tó máa yé e, ó sàn kó jẹ́ lákọsílẹ̀. Ó kì wọ́n nílọ̀ pé orílẹ̀-èdè tó bá ti fọwọ́ sí i nìkan ló di dandan fún, kí kálukú lọ wádìí ti ibi tó wà. A ti tẹ kókó mẹ́ta yìí sórí ìwé kékeré kan, a sì pín in fún ọ̀gá àti ọmọ ọ̀dọ̀ bákan náà, kó má baà dà bíi pé a fún ẹnìkan ní ohun ìjà.

Lọ́jọ́ kejì mo pa fáìlì náà rẹ́ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, mo sì kọ iye ẹni tó wá ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ín. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ náà ti ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n fẹ́ òmíràn, àwọn nìkan ni wọ́n fẹ́ wò ó, àwọn fúnra wọn ló sì máa yan fíìmù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ èyí tó pa ni lẹ́rìn-ín, tí ọmọ ọ̀dọ̀ ò ní kú níparí rẹ̀. Mo ti ń wá a.