Mo Lo Oògùn Ibà, Ibà Tún Padà Wá

Ìbéèrè (láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì): Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ra oògùn ibà oníhóró 24, mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin lálẹ́. Ní ọjọ́ kejì ara mi ti yá gágá, mo bá fi hóró 12 tó kù pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ibà ti tún gbé mi dè. Ṣé ara mi ti mọ oògùn náà ni?

Ìdáhùn: Ara yín kọ́ ló ń mọ oògùn o, kòkòrò ibà ni. Wọ́n pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju iye tí èèyàn lè kà lọ, bí wọ́n sì ṣe ń bí sí i, ọ̀kan lè ṣèèṣì yàtọ̀. Tí oògùn bá pa àwọn yòókù ṣùgbọ́n tí kò tó pa òun, ọmọ tirẹ̀ ni yóò kún ẹ̀jẹ̀, ẹ̀fọn á sì gbé e fún aládùúgbò.

Oògùn méjì ló wà nínú hóró kan yẹn. Artemether ń yára pa kòkòrò, àmọ́ láàárín wákàtí mélòó kan ó ti lọ. Lumefantrine ló ń pẹ́ lára tó ń gbá ìyókù mọ́. Ìdajì tí ẹ lò kò jẹ́ kí ìgbálẹ̀ yẹn parí. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kòkòrò yín kò tíì le rárá, a kàn fi wọ́n sílẹ̀ láàyè ni. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀fọn tuntun ló jẹ yín.

Kòkòrò ti borí chloroquine, oògùn ibà àtijọ́, tẹ́lẹ̀. Wọ́n rí ọ̀nà tú u jáde kúrò nínú àpò inú wọn tí ẹ̀jẹ̀ wa tí wọ́n jẹ ti ń dà bí oúnjẹ. Láti ọdún 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi oògùn alápapọ̀ rọ́pò rẹ̀. (Ẹni tó bá rántí bó ṣe ń yúnni kò ní ṣàárò rẹ̀.)

Ìbéèrè: Ṣé kí n wá mu 12 tó kù?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná, àmọ́ ẹ ní kí wọ́n fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Àyẹ̀wò pẹlẹbẹ onílà méjì lè máa fi ìlà hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Tí ibà bá sì ni, ẹ lo ọ̀tun pé, lẹ́yìn oúnjẹ tó lépo: iyán àti ẹ̀gúsí dára ju ẹ̀kọ lásán lọ, nítorí ọ̀rá ló ń gbé lumefantrine wọlé.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọdún mẹ́ta ńkọ́? Ó lo tirẹ̀ tán, ara rẹ̀ ṣì gbóná.

Ìdáhùn: Ẹ má dúró, ilé ìwòsàn lónìí. Ó lè jẹ́ àìsàn mìíràn, tàbí ayédèrú oògùn. Ní Rwanda àti Uganda, wọ́n ti rí kòkòrò tí oògùn artemisinin (ìdílé artemether) kì í tètè mú kúrò lára. Ẹ mú páálí oògùn náà dání kí wọ́n rí i.