Kí ẹ tó ra ìràwọ̀ àgbà láti òkè òkun: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù

Tí sáà bá ti parí, tí àsìkò ìforúkọsílẹ̀ agbábọ́ọ̀lù tuntun bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo mọ irú ìpè tí mo máa gbà. Alága kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹgbẹ́ á fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, á ní, "Akọ̀wé, ẹ wo ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí! Yúróòpù ló ti ń bọ̀ o." Màá wo fídíò náà. Irun kún orí ọkùnrin náà nínú rẹ̀. Màá wá lọ wo fọ́tò tó yà lóṣù tó kọjá, orí ti ń dán.

Iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni mò ń ṣe. Èmi ni mò ń kọ ìwé àdéhùn, èmi ni mò ń forúkọ sílẹ̀, èmi náà sì ni wọ́n máa ń rán sí àwọn ọmọ nígbà tí owó oṣù ò bá tíì wọlé. Nítorí náà, ẹ má bínú bí ohùn mi bá le díẹ̀. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ra àgbà agbábọ́ọ̀lù o. Mo ti rí àwọn tó ṣe dáadáa. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí ènìyàn kó owó ńlá sílẹ̀ láìmọ ohun tí òun ń rà, láìní ohun tó máa fi jèrè rẹ̀.

1. Ẹ ò tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó wá ṣe

Ṣé góòlù ni? Ṣé èrò ìwòran ni? Àbí ẹ fẹ́ kó kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́? Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó wọn ò sì dọ́gba.

Ẹ wo ilẹ̀ Japan. Ní 1991, Zico ti fẹ̀yìn tì, ó tilẹ̀ ti bá ìjọba Brazil ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá, nígbà tí ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ irin kan tó wà ní ìpele kejì ránṣẹ́ pè é. Ẹgbẹ́ yẹn ló padà di Kashima Antlers. Wọn ò ní kó wá máa sáré bí ọmọ ogún ọdún. Wọ́n fẹ́ kó fi bí ẹni tó fi bọ́ọ̀lù jẹun ṣe ń gbé ayé rẹ̀ han àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbá a lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tí J.League, líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù jẹun ní Japan, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1993, Zico ti pé 40, síbẹ̀ ó jẹ góòlù mẹ́ta nínú ìdíje àkọ́kọ́, Kashima sì na Nagoya Grampus Eight ní 5-0. Nagoya yìí kan náà ló ra Gary Lineker láti England, ẹni tí kò ju ọmọ ọdún 32 lọ. Ìka ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kí Lineker gbádùn. Góòlù mẹ́rin péré ló jẹ ní líìgì kó tó fẹ̀yìn tì ní 1994. Nínú àwọn méjèèjì, èyí tó dàgbà jù ló ṣe é. Ìdí nìyí tí ọjọ́ orí nìkan kì í fi í dẹ́rù bà mí.

2. Fídíò YouTube

Kò sẹ́ni tí kì í gbá bọ́ọ̀lù dáadáa nínú fídíò tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

3. Ẹ ò bi kóòṣì

Alága á ra ìràwọ̀, kóòṣì á gbọ́ ọ lórí rédíò. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ìràwọ̀ kì í fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Didier Drogba dé ẹgbẹ́ Montreal ní Kánádà ní 2015, ó sì jẹ góòlù 11 nínú ìdíje líìgì 11. Gbogbo ìlú ń jó. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 2016, kóòṣì ní kó bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì nígbà tí wọ́n fẹ́ bá Toronto gbá, ó kọ̀ jálẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, New York City tó ní David Villa, Andrea Pirlo àti Frank Lampard jìyà 7-0 lọ́wọ́ New York Red Bulls nínú ilé ara wọn. Villa ṣì ń sáré ní tirẹ̀, góòlù 23 ló jẹ ní líìgì lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá àwọn yòókù lé bọ́ọ̀lù? Kóòṣì ló mọ̀, ẹ ò sì bi í.

4. Pápá

Nígbà tí Thierry Henry wà ní New York Red Bulls, kì í fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko oníke nítorí iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀. Amẹ́ríkà nìyẹn o. Tiwa jẹ́ ilẹ̀ pupa tó ti gan, tí koríko wà níbì kan tí kò sí níbòmíràn.

Ẹgbẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí mú agbábọ́ọ̀lù iwájú kan wálé nígbà ọyẹ́. Ìdajì àkọ́kọ́ ò tíì parí tó fi di ẹ̀yìn itan mú. Kò sí yìnyín nínú àpótí dókítà wa. Mo sáré lọ bá ìyá olómi tútù lẹ́yìn ògiri, mo ra omi ọ̀rá tó ti dì gbagidi, a fi jẹ́sì gólì kejì dè é mọ́ itan ọkùnrin náà. Ó wo ọ̀rá náà, ó wò mí, ó wá fi pẹ̀lẹ́tù béèrè bóyá ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò inú iṣan wà nítòsí. Mo ní ó wà ní Ìbàdàn. A ò sì sí ní Ìbàdàn. Eré tí mo sá lọ ra yìnyín yẹn gan-an, díẹ̀ ló kù kí wọ́n de ọ̀rá kan mọ́ itan èmi náà.

5. Ẹnu géètì

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ẹ fara balẹ̀.

Gbogbo alága ló máa ń sọ ọ́ pé, "Orúkọ rẹ̀ nìkan á dá owó padà." Báwo? Ta ló máa gba owó náà, níbo, pẹ̀lú kí ni? Ẹni tó ra màlúù tí kò ra okùn, ọjà ni màlúù ń padà sí.

Ẹ wo àwọn tó rí i ṣe. Ọdún kan péré ni Corinthians lò ní ìpele kejì ní Brazil kí wọ́n tó gòkè padà ní 2008. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n mú Ronaldo ọmọ Brazil (kì í ṣe Cristiano), ọmọ ọdún 32, ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti rí iṣẹ́ abẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọn ò fi owó oṣù nìkan fà á. Wọ́n bá a ṣe àdéhùn pé á ní ìpín nínú owó àwọn onígbọ̀wọ́ tó bá polówó lára apá jẹ́sì àti ṣòkòtò. Tí onígbọ̀wọ́ bá dé, òun àti ẹgbẹ́ jọ jẹ ẹ́. Tí kò bá dé, kò sí gbèsè lọ́rùn ẹgbẹ́. Wọ́n gba ife ìpínlẹ̀ São Paulo àti Copa do Brasil ní 2009. Irú èyí náà ni Inter Miami ṣe fún Lionel Messi ní 2023: ó ní ìpín nínú owó tí Apple ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń sanwó wo líìgì àti nínú jẹ́sì tí Adidas ń tà. Beckham tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ni Inter Miami mọ ọ̀nà yìí dáadáa, torí pé nígbà tí LA Galaxy mú òun fúnra rẹ̀ ní 2007, wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ó lè ra ẹgbẹ́ tuntun nínú líìgì náà ní mílíọ̀nù 25 dọ́là.

Ẹ wá wo tiwa. Ẹgbẹ́ kan (n ò ní dárúkọ wọn, wọ́n mọ ara wọn) mú ọkùnrin kan tí gbogbo ilé ìwòran bọ́ọ̀lù mọ̀. Èrò dé lọ́jọ́ ìdíje, mi ò ní purọ́. Àwọn géńdé méjì dúró lẹ́nu géètì, wọ́n di ọ̀rá dúdú mú, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó sanwó àti ẹni tí kò san, ojú kan náà la fi ń wò wọ́n. Àwọn ọmọdé ń fo ògiri lápá ibi gólì. Ẹnì kan ní ọmọ onílẹ̀ lòun, òmíràn ní òun ló gé koríko pápá lánàá. Ọnọrébù kan dé pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́rin, gbogbo inú ọkọ̀ náà wọlé, wọ́n tún ní ká wá àga fún wọn ní iwájú.

Níta, lábẹ́ igi ọ̀dán, ayédèrú jẹ́sì wa wà lórí ìso, orúkọ ìràwọ̀ náà gàdàgbà lẹ́yìn rẹ̀. Jẹ́sì tiwa ṣì wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé, a ò tíì san àsanlẹ̀. Mo bi ọmọ tó ń tà á pé ta ló fún un láṣẹ. Ó ní, "Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ mú kan, màá dín in fún yín." Mo rà á. Ó ṣì wà nílé, kò tíì ṣá, ó dáa ju èyí tí àwa padà tẹ̀ lọ. Lálẹ́, a da owó inú ọ̀rá sílẹ̀, a kà á, kò tó owó hòtẹ́ẹ̀lì ìràwọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ náà.

Ẹ tà kí ẹ tó rà, ohun tí mò ń bá yín sọ nìyẹn. Kí ẹ tó kéde orúkọ ẹnikẹ́ni, kí tíkẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà ti wà nílẹ̀, kí jẹ́sì ti wà nínú páálí, kí onígbọ̀wọ́ kan ti fọwọ́ síwèé pé òun á sanwó tí ọkùnrin náà bá wá. Tí kò bá sí onígbọ̀wọ́ kankan tó ṣetán láti san kọ́bọ̀ lórí orúkọ náà, a jẹ́ pé orúkọ náà kò tó bí ẹ ṣe rò ó.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó oṣù ló kàn.

Àwọn ọmọ tí ẹ bá nílé ń gbọ́ iye tí ẹ ń san fún àlejò. Kò sí àṣírí nínú yàrá ìmúra. Tí owó tiwọn bá wá pẹ́, bọ́ọ̀lù ò ní dé ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ náà mọ́, ẹ ó kàn máa rò pé ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sáré. Tí owó ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ bá sì pẹ́, òfin FIFA ń bẹ. Tí ẹ bá jẹ ẹ́ lówó oṣù méjì, ó lè kọ̀wé fún yín ní ọjọ́ 15. Tí ẹ ò bá san án, ó lè tú àdéhùn ká kó sì pè yín lẹ́jọ́. Tí wọ́n bá dá a láre, ẹ ní ọjọ́ 45 láti san án. Ẹ kọjá rẹ̀, wọ́n lè ní kí ẹ má forúkọ agbábọ́ọ̀lù kankan sílẹ̀ títí dé ìgbà ìforúkọsílẹ̀ mẹ́ta gbáko. Èmi ni mo máa ń gba lẹ́tà yẹn o, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ẹ má sì sọ pé àwọn olówó kì í rí irú rẹ̀. Shanghai Shenhua ní China kó Anelka àti Drogba jọ ní 2012, ìjà àwọn tó ni ẹgbẹ́ dé, ọ̀rọ̀ owó dàrú, Drogba ti lọ ní oṣù kìíní 2013. Anzhi ní Rọ́ṣíà mú Samuel Eto'o ní 2011. Ní 2013 olówó wọn di àpò rẹ̀, wọ́n ta àwọn ìràwọ̀, nígbà tó fi máa di 2014 wọ́n ti já sí ìpele ìsàlẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé "ọmọ wa ni" náà ń bẹ. Mo fẹ́ràn Rashidi Yekini bí gbogbo ènìyàn. Òun ló jẹ góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ ní Ife Àgbáyé, ní 1994. Ní 2005 ó wọ jẹ́sì Gateway ní Abẹ́òkúta, ó ti pé ọmọ ọdún 41. Kò pẹ́ níbẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ní Yekini lọ́wọ́ ní ọjọ́ orí yẹn, àwọn ọmọ ọdún 15 ló yẹ kó kó tì í lójoojúmọ́, kí wọ́n máa wo bó ṣe ń dúró kí bọ́ọ̀lù tó dé. Tí ẹ bá sì fẹ́ góòlù lọ́wọ́ ọmọ Èkó tó ti gbá a lókè òkun, ẹ tètè lọ bá a. Ọmọ ọdún 28 ni Ọbáfẹ́mi Martins nígbà tí Seattle Sounders mú un ní 2013. Góòlù 17 ló jẹ ní líìgì ní 2014, wọ́n sì gba U.S. Open Cup àti Supporters' Shield (ife ẹgbẹ́ tó ní àmì jù ní líìgì) lọ́dún kan náà.

Iye ọdún inú ìwé àdéhùn ló kù. Ọdún méjì gbáko fún ẹni ọdún 36? Ẹ jọ̀ọ́. Neymar ò tilẹ̀ dàgbà tó bẹ́ẹ̀; ọmọ ọdún 31 ni nígbà tó dé Al Hilal ní Saudi Arabia ní 2023, iṣan orúnkún rẹ̀ já ní oṣù kẹwàá, ìdíje méje ló gbá kí wọ́n tó tú àdéhùn ká ní oṣù kìíní 2025. Al Hilal lè gbé irú ẹrù yẹn. Ẹ̀yin ńkọ́? Kano Pillars mú Ahmed Musa fún ìgbà kúkúrú ní 2021, ó gbá tirẹ̀, ó kọjá sí Turkey, kò sẹ́ni tó gbé ẹnikẹ́ni lọ ilé ẹjọ́.

Sáà kan ni kí ẹ kọ, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún èkejì tí ara bá gbà á. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ya fọ́tò kankan. Ẹ kọ wákàtí tó máa lò pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké sínú ìwé. Ẹ pín owó rẹ̀ sí méjì, kí apá kan jẹ́ ti oṣù, kí èkejì jẹ́ ti ìdíje tó bá gbá. Tí aṣojú rẹ̀ bá ní òun ò gba apá kejì yẹn, ẹ rọra bu omi tútù fún un, ẹ ní kó bá yín kí ará ilé, kí ẹ sì pe kóòṣì àwọn ọmọ yín kó wá jókòó sórí àga tó bá dìde kúrò.