"Eré la ń ṣe": Ohun tí kóòṣì àwọn ọmọdé gbọ́dọ̀ fetí sí

Ọ̀kun o, ẹ̀yin kóòṣì ẹgbẹ́ mi. Ní Kabba níbí, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ní bọ́ọ̀lù. Nígbà tí fèrè bá wà lẹ́nu mi, kò sẹ́ni tó jẹ́ fìtínà ẹnì kejì. Ìdí igi máńgòrò tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, àti ọ̀nà ilé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfìtínà wà.

Ọmọ kan tó ń kólòlò bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé. Mo ní kó sáré yí pápá ká. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó gbọ́ pé àwọn méjì ló ń gba bàtà rẹ̀ jù sórí òrùlé. Èmi náà ti ń bá wọn fìyà jẹ ẹ́!

Nítorí náà, ẹ tètè dé, kí ẹ sì kẹ́yìn gbogbo wọn lọ. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣa ara wọn sí ẹgbẹ́. Ọmọ tí wọ́n ṣà kẹ́yìn lójoojúmọ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Ẹ kà wọ́n ní "ení, èjì". Níbi tí Owé, Bùnú, Ẹ̀bìrà àti Haúsá ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ má gbà kí wọ́n máa fi ẹ̀yà pe ọmọ tó ní orúkọ.

Wọ́n á ní eré ni. Dan Olweus, tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Norway, fi ohun mẹ́ta dá ìfìtínà mọ̀: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọ́n ń tún un ṣe, agbára wọn kò sì dọ́gba.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ọmọ tí wọ́n yọ lẹ́nu ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, níbi tí àwọn yòókù ò ti ní gbọ́ ṣùgbọ́n tí ojú àgbà mìíràn tó yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́; mo ṣe é rí, ìgbájú ni ọmọ tí wọ́n yọ lẹ́nu fi jẹ nílé. Ẹ pe òbí tọ̀tún tòsì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyá ọ̀kan lára àwọn tó ń fìtínà sọ fún mi pé, "Kóòṣì, ọkùnrin ni, ẹ jẹ́ ó le." Mo ní, "Mọ́mì, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì ni yóò fi jókòó." Bí ọgbẹ́ bá wà, tàbí wọ́n fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ, ilé ìwòsàn àti ọlọ́pàá ló kàn, kì í ṣe ìpàdé ẹgbẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún bi ọmọ náà. Tèmi dákẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Ìgbà kejì ló sọ pé wọ́n ti fi bàtà sílẹ̀, orí WhatsApp ni wọ́n ti ń sín òun jẹ báyìí.