Ẹ̀yin oníná Èkìtì, ẹ kọ́ iṣẹ́ sólà

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní Adó-Èkìtì, ẹ̀yin ọmọṣẹ́ ni mò ń bá wí. Láti 2023 tí epo ti gbówó lórí, sólà ni gbogbo ayé ń bèèrè. Ní 2024, àkóso ọ̀rọ̀ iná bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ wa fúnra rẹ̀. Bí ìjọba bá ń gbé sólà sí ilé ìwòsàn wa, ọmọ wa ni kó ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe àlejò.

Ẹ wá ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ́ bátìrì dáadáa: 12V méjì, pọ́sítíìfù ọ̀kan mọ́ nẹ́gétíìfù èkejì, 24V ló máa fún yín, pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gétíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù, 12V náà ni. Bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ so mọ́ kọntirólà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí iná láti páńẹ́ẹ̀lì sínú bátìrì, kó tó kan páńẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá ń tú u, páńẹ́ẹ̀lì ni kó kọ́kọ́ kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe yí ètò yìí padà, kọntirólà lè jóná. Gúúsù ni kí páńẹ́ẹ̀lì kọjú sí, kó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ kí òjò lè fọ eruku rẹ̀.

Ẹ ṣe trade test, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, kẹ́ ẹ sì forúkọ sílẹ̀ ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí ẹni tó mọṣẹ́ bá pàdánù iṣẹ́ àgbàṣe nítorí ìwé. Ẹ ya fọ́tò iṣẹ́ yín pamọ́, pàápàá ibi tí wáyà ti wọ bátìrì. Ibẹ̀ ni ẹni tó mọ̀ ọ́n máa kọ́kọ́ wò.